Ọ̀pá Ìwọn-Epo

Dísẹ́ẹ̀lì kì í bímọ.
Ohun tí mo sọ nìyẹn, èmi nìkan,
nínú abà onípáànù lẹ́yìn ọjà Ẹ̀jùkù,
tọ́ọ̀ṣì há mi lẹ́nu, ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé la ti ti katakata ẹgbẹ́ mọ́lé.
A yọ bátìrì rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn mi.
A fi ẹ̀wọ̀n so irin ìtúlẹ̀ mọ́ òpó,
àgádágodo kan, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta:
ọ̀kan lọ́rùn mi,
ọ̀kan lọ́wọ́ Mejàbí tí ń wà á,
ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé wa, Owónáyé,
tó fẹ́ àbúrò mi.

Gbogbo alẹ́ Sátidé ni mo máa ń ti ọ̀pá bọ táǹkì.
Igi ayùnrẹ́ ni. Mo fi ọ̀bẹ sín in ní gbẹ́rẹ́ mọ́kànlá,
bí wọ́n ti ń sín ọmọ tí wọn kò fẹ́ kó lọ.
Lọ́jọ́ tí a ti abà, epo wà ní gbẹ́rẹ́ keje.
Keje ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Keje ní Èrèlé.
Ká ní ó fà sí ẹ̀kẹfà ni, ǹ bá ti pariwo;
ǹ bá ti mọ̀ pé olè ni, olè tí gbogbo wa mọ̀,
olè onírọ́bà tí ń fẹnu fa epo
tí ń tutọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọ̀pá jáde,
ó tutù dé gbẹ́rẹ́ kẹjọ.

Ta ní ń fi epo tọrẹ lóru?

Mo jókòó lórí táyà, mo rò ó.
Ẹni tó bu epo kẹ́ẹ̀gì kan, tó sì da omi dípò rẹ̀,
kò wọn omi náà. Ìbẹ̀rù ló bá a wọn ọ́n.

Mejàbí ti sọ fún mi rí
pé omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ní í sùn sí.
Mo tú nọ́ọ̀tì ìdí táǹkì, mo gbé ìgò sí i:
omi ló kọ́kọ́ dà, ó mọ́ bí omi Òyì lẹ́ẹ̀rùn,
kí epo tó tẹ̀lé e, tó gun orí rẹ̀ jókòó
bí ẹni tí wọ́n fi àlejò há mọ́ yàrá.

N kò ké. N kò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.
Ní ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi, mo gbé ìgò náà ka tábìlì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó àti àwo ẹ̀pà.
Bàbá Ọlọ́runlékè ní, "Kí leléyìí?"
Ìyá Òtítọ́jù ní, "Àbí àgbo ibà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Mejàbí ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní, "Níbo lẹ ti rí i?"
ohùn rẹ̀ bí ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná.
Ẹnì kan ṣoṣo ni kò béèrè.
Ó ń bó ẹ̀pà. Ó ń bó o, kò jẹ ẹ́,
títí èyí tó bó fi di òkìtì níwájú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi bu omi fún mi.
"Òkun o, ẹ̀gbọ́n mi."
Mo wo inú ife yẹn pẹ́
kí n tó mu ún.

N kò tíì sọ. Bóyá n kò ní í sọ.
Mo pààrọ̀ àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ di méjì.
Owónáyé rí i.
Kò béèrè ìyẹn náà.

Lánàá, òjò àkọ́rọ̀ na orí àpáta.
Mejàbí gun katakata. Ó wúkọ́, ó dákẹ́,
ó tún wúkọ́, èéfín dúdú gba ẹnu abà,
àwọn ọmọdé sá, lẹ́yìn náà
ó wá ń dún, ó ń dún, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Ọ̀pá náà wà lókè ilẹ̀kùn mi.
Mo ti sín gbẹ́rẹ́ kejìlá sí i,
ní ìdí, níbi tí ọwọ́ mi ti ń dì í mú,
níbi tí epo kì í dé.